Yíyá ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún ayẹyẹ ìta gbangba ní Òṣogbo: kí ni kí a béèrè kí a tó sanwó?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará ilé, àtàgbà àtọmọdé. Ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé gírámà kan ní ìlú wa Òṣogbo fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ọdún tí wọ́n dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, orí pápá ilé-ìwé ọ̀hún, ní ìhà Òkè-Fìà, ni a sì fẹ́ lò. Àwọn tí a ń retí yóò tó 400 ènìyàn. Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù nínú ètò náà: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkíni, ẹ̀bùn fún àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìntì, lẹ́yìn náà ni àwọn onílù dùndún yóò wọlé, tí Díjèé yóò sì gba ìyókù ọjọ́ náà.

Mo ti bá àwọn mẹ́ta tó ń yá ènìyàn ní ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹnì kìíní ní sípíkà mẹ́rin ti tó, ẹnì kejì ní mẹ́jọ ni, ẹnì kẹta kò tilẹ̀ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi ju ọjọ́ ayẹyẹ àti iye tó wà lọ́wọ́ wa lọ. Owó tí wọ́n pè jìnnà síra débi pé ti ẹni tó wọ́n jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tó rọjú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn, báwo ni mo sì ṣe lè mọ ẹni tó ń sọ òótọ́ nínú wọn? A kò tíì mú ọjọ́. Àwọn kan nínú wa fẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, àwọn mìíràn ní kí a sún un di oṣù Kọkànlá.

Ọmọ Òròkí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Ètò ayẹyẹ ni mò ń bá àwọn ènìyàn ṣe, mo sì máa ń rọ gbogbo ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá pé kí wọ́n má ṣe ti orí iye sípíkà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ mẹ́rin tàbí mẹ́jọ nígbà tí kò tíì fojú kan pápá yín, ó kàn ń méfò ni. Ẹ mú ìwé kan, ẹ ya pápá náà sí i, kí ẹ fi ibi tí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì yóò wà hàn, ibi tí kánópì kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí, ọ̀nà tí àwọn onílù yóò gbà wọlé, ibi tí àwọn alásè yóò dáná sí àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ yóò wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wọn ilẹ̀ láti ibi tí wọn yóò ti máa sọ̀rọ̀ dé àga tó jìnnà jù lọ. Ìwọ̀n yẹn ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Nínú gbọ̀ngán, ògiri àti àjà ń dá ohùn padà sí etí àwọn tó jókòó, ṣùgbọ́n ní gbangba, ohùn tó bá ti kọjá lọ ti lọ nìyẹn. Nígbàkigbà tí ẹ bá sọ jíjìnnà yín sí sípíkà di ìlọ́po méjì, ohùn náà ń fi nǹkan bíi 6 dB (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe le tó) lọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 100 dB ní mítà 2 síwájú sípíkà, yóò di 94 ní mítà 4, yóò di 88 ní mítà 8 àti 82 ní mítà 16, nígbà tí yóò bá sì fi dé mítà 32, 76 ni yóò kù. Ẹ wá fi ariwo àwọn tó ń jẹun, tí wọ́n sì ń kí ara wọn kú àtijọ́, kún un, ẹ ó rí ìdí tí àwọn tó wà lẹ́yìn kì í fi í gbọ́ ọ̀rọ̀ alága rárá, nígbà tí àwọn tó wà níwájú ń fọwọ́ di etí. Bí wọ́n bá ń yí bọ́tìnnì sókè nítorí àwọn ará ẹ̀yìn, àwọn ará iwájú ni wọ́n ń fìyà jẹ.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò kí ń to kánópì ní ìlà gígùn kan ṣoṣo. Ẹ fi kánópì yí àyè àárín ká ní apá mẹ́ta, kí pèpéle gba apá kẹrin. Àga tó jìnnà jù yóò sún mọ́ pèpéle gan-an, owó sípíkà yóò sì wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà.

Onísípíkà Ìgbọ̀nà:

Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, nítorí náà kí ẹ fojú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, kí ẹ sì fi í wé ohun tí àwọn mẹ́ta yẹn bá sọ fún yín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́ọ̀tì dẹ́rù bà yín. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára sípíkà sábà máa ń jẹ́ ti peak, ìyẹn agbára tí ó lè gbà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré. Èyí tí ó lè gbà láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí a ń pè ní RMS, lè má ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá wá ní sípíkà 2000 wọ́ọ̀tì ni òun yóò gbé wá, ẹ bi í léèrè pé RMS ni àbí peak. Bákan náà, kí a sọ wọ́ọ̀tì di ìlọ́po méjì kò sọ ariwo di ìlọ́po méjì: 3 dB péré ló ń fi kún un, èyí tí etí púpọ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Kí ó tó dà bíi pé ohùn náà le sí i ní ìlọ́po méjì ní etí ènìyàn, agbára iná náà ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí gbígbé sípíkà lọ sí ibi tó tọ́ fi ń ṣe ju kíkó wọn jọ lọ.

Fún irú ayẹyẹ tí Akọ̀wé sọ yìí, bí kánópì bá wà bí Ọmọ Òròkí ṣe ṣàlàyé rẹ̀, èmi yóò gbé sípíkà ńlá méjì sí ọ̀tún àti òsì pèpéle, lórí ẹsẹ̀ irin tí yóò gbé wọn ga kọjá orí ènìyàn tó dìde dúró. Ara ènìyàn ń mu ohùn, pàápàá ohùn tínrín tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké. Sípíkà tó bá wà nílẹ̀, àwọn tó jókòó sí ìlà àkọ́kọ́ ni yóò sọ̀rọ̀ fún, kò ní sọ fún ẹlòmíràn. Básì méjì, ìyẹn sípíkà ńlá fún ohùn ìsàlẹ̀, yóò wà nílẹ̀ fún Díjèé, n ó sì gbé wọn ti ara wọn lójú kan, nítorí pé básì tí a pín sí ọ̀tún àti òsì máa ń pọ̀ jù níbì kan, yóò sì sọnù níbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni sípíkà kéékèèké méjì yóò wà ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, tí wọn yóò kọjú sí àwọn ará ẹ̀yìn. Ó tún ku ọ̀kan tí yóò kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ó lè máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ ni ó máa ń pariwo mọ́ máíkì.

Lórí àwọn kéékèèké tó wà láàárín yẹn ni ẹ ó ti mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n nínú wáyà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó ń dé. Bí sípíkà àárín bá wà ní mítà 34 sí pèpéle, tí a kò sì dá ohùn rẹ̀ dúró díẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tó bá sì di ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, wọn yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti iwájú, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì dàrú mọ́ra wọn. Míkísà ìgbàlódé, ìyẹn ẹ̀rọ tí ohùn gbogbo máíkì ń gbà kọjá kí ó tó dé sípíkà, ní ibi tí a ti ń ṣètò ìdádúró yìí. Ẹ bi wọ́n pé, “Kí ni ẹ ó ṣe tí àwọn tó wà lẹ́yìn kò fi ní gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì?” Bí ó bá fi ẹ̀rín dá yín lóhùn, ẹ pe ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni ti ẹni tí yóò dúró ti míkísà. Àwọn kan nínú wa máa ń gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n á tò ó, wọ́n á sì fi ọmọ kékeré kan tì í, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ṣọ́ ẹrù lọ. Ẹ rí ẹni tí yóò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ ètò yín.

Màmá Alásè:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá ń ṣètò iná, ẹ rántí àwa tí a ń se oúnjẹ. A máa ń gbé fírísà wá, a máa ń gbé ẹ̀rọ ìlọta wá, bí a kò bá sì rí ibi tí a ó kì í bọ̀, ibi tí ó bá sún mọ́ wa náà ni a ó lò. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti sè, ẹkitẹ́ńṣọ̀n onísípíkà ni ó máa ń sún mọ́ wa jù, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ ata lọ́wọ́ tí ọ̀rọ̀ alága ń gé. Ẹ pèsè ti àwọn alásè lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ fún wa kí ọjọ́ tó pé.

Bàbá Oníná:

Màmá ti sọ ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ wí. Ẹ má ṣe gbójú lé iná IBEDC fún ayẹyẹ, kódà bí àdúgbò náà bá ń rí iná dáadáa. Bí iná bá lọ, tí ó sì dé lójijì, fífò rẹ̀ lè ba ẹ̀rọ jẹ́, bí iná ìjọba bá sì dé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà láàárín ètò nítorí pé ó fẹ́ tọ́jú epo.

Jẹnẹrétọ̀ méjì ni kí ẹ lò. Ọ̀kan fún ohùn nìkan, èkejì fún fírísà, fáànù, gílóòbù àti ohun gbogbo tó kù. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí ẹ̀rọ inú fírísà bá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń lọ sí míkísà a sì relẹ̀. Ní ti bí ó ṣe yẹ kí ó tóbi tó, ẹ mọ̀ pé kVA tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe kìlówọ́ọ̀tì. Ẹ sọ kVA di ìlọ́po 0.8 kí ẹ tó mọ ohun tí ó lè gbé: 5 kVA yóò gbé nǹkan bíi kìlówọ́ọ̀tì 4, kí ẹ sì fi bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ láìlò, nítorí pé básì máa ń fa iná lójijì. Àwọn kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour”, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ilé.

Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi ìjókòó ní nǹkan bíi mítà 30, kí ó wà lẹ́yìn ilé kan bí ẹ bá rí, kí ó sì wà ní ìhà tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé èéfín rẹ̀ wá bá àwọn ènìyàn. Ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ kánópì nítorí òjò. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí imú kò lè gbóòórùn rẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ti jìn, wáyà náà gbọ́dọ̀ nípọn. Bí ó bá tín-ínrín, iná tó kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀ ní fólítì 230 yóò ti relẹ̀ kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Èmi kì í lo ohun tó kéré ju wáyà 2.5 mm² lọ fún irú iṣẹ́ yìí. Bí wáyà náà bá wà lórí róòlù, kí wọ́n tú u tán kí wọ́n tó lò ó, nítorí pé wáyà tó wé mọ́ra tí iná púpọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń gbóná títí ara rẹ̀ yóò fi yọ́.

Ọ̀rọ̀ epo wá kù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn tó ń yá ènìyàn ní jẹnẹrétọ̀ kì í sábà ka epo mọ́ owó wọn mọ́. Ẹ béèrè ẹni tí yóò ra epo, kí ẹ tó fi owó wé owó. Kí ẹ sì fi àsìkò tí wọn yóò bu epo sí inú ètò yín, nítorí pé a kì í bu epo bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ̀bùn bá parí, tí àwọn onílù kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, dára fún un.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yá jẹnẹrétọ̀, kí ó má fi sọ́wọ́ onísípíkà.

Onísípíkà Ìgbọ̀nà:

Bàbá, mo tẹ́wọ́ gba gbogbo rẹ̀ àyàfi ti ìparí yẹn. Ẹ̀rọ tí mo mọ ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kì í bọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá yá jẹnẹrétọ̀ níbòmíràn, tí nǹkan sì bàjẹ́, onísípíkà yóò ní jẹnẹrétọ̀ ló fà á, oníjẹnẹrétọ̀ yóò ní sípíkà ni, Akọ̀wé yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú 400 àlejò. Kí ẹnì kan ṣoṣo dáhùn fún iná àti ohùn ni mo fara mọ́. Ti àwọn alásè ni kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yá.

Bàbá Oníná:

Ó dára bẹ́ẹ̀, bí onítọ̀hún bá jẹ́ kí ẹ rí jẹnẹrétọ̀ náà kí ọjọ́ tó pé, tí ó sì gbà kí ẹ fi mítà wọn iná rẹ̀. Èyí tó ń já sí fólítì 190 nígbà tí wọ́n bá gbé ẹrù lé e, kí ó máa gbé e lọ.

Ọmọ Àyàn, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ̀yin àgbà, mo ṣe ìbà kí n tó sọ tèmi. Ìlù dùndún ni iṣẹ́ ilé wa, ohun tí mo sì ń rí ní òde ni pé onísípíkà tó bá mọ orin Díjèé lè má mọ ti ìlù. Wọ́n á gbé máíkì sí iwájú olúkúlùkù wa: ìyáàlù, ìṣáájú, kẹríkẹrì, títí kan gúdúgúdú tí ariwo tirẹ̀ gan-an ti tó pápá. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni kí wọ́n fún ní máíkì, kí àwọn yòókù máa fi ohùn ara wọn sọ ọ́. Ẹni tó bá ń sun rárà tàbí tó ń ki oríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni kí ó gba èkejì.

A kì í dúró sójú kan. Bí a bá rí ọlọ́lá, a ó lọ bá a níbi tó jókòó, nítorí náà máíkì tí kò ní wáyà, tí wọ́n lè so mọ́ ìyáàlù, ló bá iṣẹ́ wa mu. Kí wọ́n fi bátìrì tuntun sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí òmíràn sì wà nílẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n sọ fún wa ibi tí a kò gbọdọ̀ gbà, torí bí a bá gbé máíkì kọjá níwájú sípíkà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í han, gbogbo òde yóò sì máa wo onílù bíi pé òun ló ṣẹ̀.

Ohun kejì ni ẹ̀ko, ohùn tó ń tún ara rẹ̀ sọ tí àwọn atọ́kùn ètò ìlú wa fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ìlù wa ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹnu ti ń sọ ọ́. Bí ẹ̀ko bá ti wọ inú rẹ̀, ohùn tó kọjá yóò máa gun orí èyí tó ń bọ̀, àwọn àgbà tó yẹ kí ó yé yóò sì kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Básì tó pọ̀ jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá ń dán ẹ̀rọ wò, kí wọ́n má fi “hẹ́lò, hẹ́lò” nìkan dán an wò. Kí wọ́n pe onílù kan kí ó fi ìyáàlù pe orúkọ ènìyàn, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́yìn pátápátá, kí ó sọ orúkọ tí ó gbọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọn pápá náà: bí a bá to kánópì ní apá mẹ́ta, àga tó jìnnà jù yóò wà ní nǹkan bíi mítà 28 sí pèpéle. Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó dárúkọ sípíkà mẹ́jọ kò mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tó dárúkọ mẹ́rin ṣàlàyé rẹ̀ yéni, ó sì fẹ́ wá wo ilẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnì kẹta kò tíì dáhùn. Ọ̀rọ̀ oṣù ló kù tí ìgbìmọ̀ wa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ọmọ Òròkí:

Ti oṣù Kọkànlá ni mo wà. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìsinmi tí kò ṣeé bá dá májẹ̀mú ni. Oṣù Kẹjọ náà ni ọdún Ọ̀ṣun-Òṣogbo máa ń bọ́ sí, àlejò á kún ìlú, àwọn tó ń yá ènìyàn ní ẹ̀rọ á rí iṣẹ́ ju ohun tí wọ́n lè gbé lọ, owó wọn á sì gòkè. Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ báyìí ni wọ́n máa ń gba òde méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ti wà níbi tí ẹni tó yá wa ní ẹ̀rọ ti wá tú sípíkà méjì ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ijó ń gbóná lọ́wọ́, tí ó ní òun ń gbé wọn lọ sí òde mìíràn ní Dada Estate. Kò sí ìwé tí a lè fi mú un.

Bí ó bá di dandan kó jẹ́ oṣù Kẹjọ, kí míkísà ní kánópì tirẹ̀ tí ó ní aṣọ ní ẹ̀gbẹ́, kí ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ má sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí tapólì sì wà lẹ́bàá sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá tí àwọn ọmọ máa ń wé mọ́ sípíkà kò dára bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ooru yóò há sínú rẹ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná, kí wọ́n tó bò ó.

Alága Àdúgbò:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwa tí a kò pè sí ayẹyẹ náà, àmọ́ tí a ó gbọ́ ọ. Ìjọba àpapọ̀ ní òfin lórí ìṣàkóso ariwo láti ọdún 2009, tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ń mójú tó, ṣùgbọ́n kí a tó dé ibi òfin, kí Akọ̀wé kọ́kọ́ lọ kí àwọn onílé tó yí pápá ká. Kí ó sọ ọjọ́, kí ó sọ agogo tí orin yóò dákẹ́, kí ó sì fi nọ́ńbà fóònù ẹnì kan sílẹ̀ tí a lè pè. Bí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà nítòsí, kí ó béèrè àsìkò ìrun àti ti ìsìn lọ́wọ́ wọn, kí atọ́kùn ètò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Tí wọ́n bá ń pe ìrun, kí Díjèé sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ ó bá dí ojú ọ̀nà, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá. Ìlú wa pín sí Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, nítorí náà kí ẹ rí i dájú pé èyí tó ni àdúgbò náà gan-an lẹ kọ̀wé sí.

Ẹ̀yin onísípíkà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹ yí básì wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ gbígbóná máa ń tẹ ohùn sókè lójú sánmà. Lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lókè lọ, ohùn á tẹ̀ wálẹ̀, á sì rìn jìnnà. Orin tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní agogo mẹ́ta ọ̀sán lè dé ibi tí ẹ kò lérò ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀tà-Ẹ̀fun:

Mo fẹ́ kí Akọ̀wé rántí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí wọn yóò fi sí ìjókòó iwájú gẹ́gẹ́ bí ọlá. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lò ni pé etí lè gba 85 dB fún wákàtí mẹ́jọ, nígbàkigbà tí ó bá sì fi 3 dB lé, àsìkò náà á dín sí ìdajì. Tó bá fi di 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi ọ̀rọ̀ jáde ní ọdún 2022 pé ní ibi orin àti ijó, kí ìpíndọ́gba ariwo má ju 100 dB lọ. Ẹ má ṣe fi àga kankan sí nǹkan bíi mítà mẹ́rin sí iwájú sípíkà ńlá, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé kúrò nídìí básì, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń lọ jókòó sí.

Onísípíkà Ìgbọ̀nà:

Ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Òròkí sọ nípa sípíkà tí wọ́n tú lọ yẹn dùn mí, nítorí pé orúkọ gbogbo wa ni irú rẹ̀ ń bàjẹ́. Akọ̀wé, ojú ìwé kan ti tó, kò dandan kí ó jẹ́ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Kí ẹ kọ àwọn ẹ̀rọ náà síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú tí wọ́n jẹ́, kí ó má jẹ́ pé “sáúńdì pípé” ni ẹ kọ, nítorí pé lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ohunkóhun tí mo bá gbé wá ti pé. Kí ẹ kọ agogo tí ẹ̀rọ yóò dé, agogo tí wọn yóò ti dán an wò tán, ó kéré tán wákàtí méjì kí àlejò àkọ́kọ́ tó jókòó, àti agogo tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kí ẹ kọ iye tí wọn yóò gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé, torí ayẹyẹ wa kì í parí sí àsìkò tí a kọ sí ìwé ìpè. Máíkì méjì tí kò ní wáyà, ọ̀kan tó ní wáyà tí ó wà nílẹ̀ bí àwọn méjì bá kọṣẹ́, ìbòrí fóòmù fún gbogbo wọn nítorí afẹ́fẹ́ pápá.

Ní ti owó, ìdajì ṣáájú, ìyókù nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn láti àga ẹ̀yìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ ṣáájú, ẹ bi í pé kí ló dé. Àmọ́ kí ẹ̀yin náà má ṣe fi ìyókù owó wa di ọjọ́ mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo máa ń san owó àwọn ọmọ tó gbé ẹrù. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó àkọ́san bí òjò bá lé ayẹyẹ náà sí ọjọ́ mìíràn, àti ẹni tí yóò san án bí àlejò bá da ọtí sí míkísà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe àwàdà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:

Ìgbìmọ̀ ti mú oṣù Kọkànlá. Ẹni tó fẹ́ wá wo ilẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo sì ti kọ ìwé náà sílẹ̀ de é. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú: ọ̀gá ilé-ìwé ní òun kò fẹ́ kí mọ́tò kankan gun orí pápá. Ṣé ó lè dí wa lọ́wọ́?

Onísípíkà Ìgbọ̀nà:

Kò ní dí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi àsìkò àti owó kún un. Básì kan lè gba ọkùnrin méjì láti gbé, bí wọ́n bá sì ní láti gbé e láti ẹnu géètì dé pèpéle, ẹ fi wákàtí kan lé àsìkò tí ẹ̀rọ yóò dé, kí ẹ sì béèrè bóyá owó àwọn agbẹ́rù ti wà nínú ohun tó pè. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ mú un gba ẹnu géètì náà gan-an wọlé, kí ó rí bí ó ti fẹ̀ tó, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù ọlọ́dẹ tó ń di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé.